Ẹni Tó Kọ́kọ́ Jẹ́ Dókítà Nílé Káfíńtà

Kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni ní dókítà nílé káfíńtà, ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré ni wọ́n kọ́kọ́ pè bẹ́ẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, nítorí gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá, àfi ọmọ náà nìkan.

Ilé wọn kò tóbi. Yàrá méjì ni, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tó há débi pé bí èèyàn méjì bá pàdé níbẹ̀, wọ́n ní láti jíròrò kí ọ̀kan tó lè kọjá. Káfíńtà ń fá pákó ní ẹ̀yìnkùlé. Ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sẹ́nu fèrèsé iwájú kó lè máa rí títì: ojú kan ń bẹ lára aṣọ, ojú kejì ń bẹ lára aládùúgbò, abẹ́rẹ́ kò sì gún un lọ́wọ́ rí láyé ẹ̀. Ọmọ méjì ni wọ́n bí. Ọkùnrin ni àkọ́bí, obìnrin ló tẹ̀ lé e.

Lọ́jọ́ kan, ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé pa mọ́ òròmọdìẹ kan lẹ́sẹ̀. Ìyá ní kí wọ́n jù ú nù. Ọmọbìnrin náà, tí eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, gbé e wọ abẹ́ tábìlì bàbá rẹ̀, ó ṣa ègé pákó tó tín-ín-rín bí igi ìṣáná, ó sì fi òwú ìyá rẹ̀ dì í mọ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ náà. Òwú pupa ni, èyí tí ìyá ti fi pamọ́ fún aṣọ oníbàárà kan tí kì í dárí jini. Ó jẹ ìgbájú lórí òwú, ṣùgbọ́n òròmọdìẹ rìn. Bó bá jẹ́ ti káfíńtà ni, kì í ṣe pé ó rìn nìkan: ó sáré, ó fo ọgbà, ó di àkùkọ tó ń fi ẹsẹ̀ pupa kan lé ajá àdúgbò kiri, tí àwọn ajá sì ń yà kúrò lọ́nà bí wọ́n bá ti rí òwú. Ẹ jẹ́ ká gbà á bẹ́ẹ̀. Àsọdùn kò pa ẹnikẹ́ni rí.

"Dókítà!" ni káfíńtà ń pè é láti ọjọ́ náà. "Dókítà, wá jẹun. Dókítà, ta ló da omi sílẹ̀ níbí?"

Àwọn aládùúgbò gbà á lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ń gbé ológbò tí kẹ̀kẹ́ gbá wá, ehoro tí kò jẹun, ẹyẹlé tó fara pa. Káfíńtà wá kan àpótí kan fún un, ó lu ihò yí i ká kí atẹ́gùn lè wọlé, ó fi ìdè ilẹ̀kùn kọ́ ìdérí rẹ̀. Àpótí yẹn ni ilé ìwòsàn rẹ̀ àkọ́kọ́, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló sì wà, tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ń fi ojúgun gbá a, tí wọ́n ń ṣépè.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í gbá a ní tirẹ̀. Ìwé ló máa ń wà lójú rẹ̀, ó sì mọ ìwé náà. Ká má purọ́ mọ́ ọn. Nígbà tí ìròyìn dé pé yunifásítì ti gbà á láti kọ́ṣẹ́ dókítà, ìyá rẹ̀ fi ẹ̀wù sílẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́, ó já sí títì láìwọ bàtà, téèpù ìwọnṣọ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lọ́rùn rẹ̀. "Mo ti bí dókítà o! Ẹ bá mi yọ̀, mo ti bí dókítà!"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, káfíńtà jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó ní, "Dókítà, bá mi bu omi wá."

Àwọn méjèèjì dìde lẹ́ẹ̀kan náà.

Káfíńtà rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Èyí ò ní dáa," ló wí. "Dókítà kan ṣoṣo ni ilé yìí gbà. Ẹni tó ń lọ kọ́ ọ ló ni ín. Ìwọ, jókòó."

Ọmọbìnrin náà jókòó. Láti kékeré, aṣọ tó bá ti kéré fún ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń tún rán fún àbúrò. Ọjọ́ yẹn nìkan ni wọ́n bọ́ ohun kan lára àbúrò, tí wọ́n wọ̀ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n, ó sì bá a mu rẹ́gí.

Bàbá rẹ̀ kò jáwọ́ ṣá. Bí ìyá bá ti jáde lọ ra bọ́tìnnì, yóò yọjú láti ẹ̀yìnkùlé, ìyẹ̀fun pákó nínú irùngbọ̀n rẹ̀, yóò sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Dókítà, báwo làwọn aláìsàn wa?" Ìyẹn náà kò pẹ́. Ìyẹ̀fun pákó tó ti ń fà símú láti ìgbà èwe rẹ̀ dì í láyà, ikọ́ sì gbé e lọ. Bí wọ́n ṣe sin káfíńtà ni wọ́n sin orúkọ náà mọ́ ọn. Láti ìgbà náà, ohun tí ọmọ rẹ̀ ń wá láyé kò pọ̀: kí ẹnu kan péré nílé yẹn tún pè é bẹ́ẹ̀. Ẹnu kan péré ló sì kù.

Nígbà tó tó àsìkò tirẹ̀ láti lọ sí yunifásítì, ó ní iṣẹ́ dókítà ẹranko lòun fẹ́.

"Kò sí àyè mọ́ lọ́dọ̀ èèyàn ni?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Àyè wà, Màámi. Ẹranko ni mo fẹ́."

"Ẹranko náà fẹ́ ẹ?"

Bí oníbàárà bá béèrè ọmọbìnrin rẹ̀, yóò dáhùn pé, "Ó wà ní yunifásítì," yóò sì ṣẹnu mọ́ ọn. Bí wọ́n bá tẹ̀ síwájú pé kí ló ń kọ́, yóò ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ nara dáadáa, kí n lè wọn èjìká yín."

Iṣẹ́ tó kọ́ kò kéré o. Ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́ lára èèyàn kan ṣoṣo, òun kọ́ ọ lára màlúù, ẹṣin, ewúrẹ́, ẹlẹ́dẹ̀, adìẹ, ajá àti ológbò, tí ọ̀kankan nínú wọn kò sì lè la ẹnu sọ ibi tó ń dùn ún. Ó ki ọwọ́ bọ inú màlúù dé èjìká, màlúù náà sì fún un lésì, ó sì fi ojú tó kún fún ìgbẹ́ dáhùn ìbéèrè olùkọ́. Àwọn ẹranko kéékèèké ló yàn níkẹyìn, àwọn tí a lè gbé mọ́ra. Ó ní àwọn ni wọ́n ń gbé nínú ilé pẹ̀lú èèyàn, nítorí náà àwọn ni ìyà èèyàn ń jẹ jù.

Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gboyè, ìyá wọn rán aṣọ tuntun, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ńlá, wọ́n gbé e kọ́ sókè ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọjọ́ tí òun gboyè, ìyá dé nígbà tí wọ́n ti ń kó àga. Wọ́n ya fọ́tò náà. Inú dúróà ẹ̀rọ ìránṣọ ló wà, láàárín bọ́tìnnì àti ṣọ́ọ̀kì.

Ó ṣiṣẹ́ fún ìjọba fúngbà díẹ̀, tó ń gún ajá lábẹ́rẹ́ láti òwúrọ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi kú. Lẹ́yìn náà ló gba ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta àgádágodo tẹ́lẹ̀, láàárín onígẹ̀run àti ẹni tó ń tún fóònù ṣe. Tábìlì irin kan ló wà láàárín yàrá, tó tutù débi pé gbogbo ajá tó bá kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kàn án máa ń yíjú wo ẹni tó mú un wá, bí ẹni tí wọ́n dà. Bẹ́ǹṣì tó wà níta, tí àwọn èèyàn ń jókòó dúró lé, kún fún ojú èékánná. Fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ìwé kan sì wà lára rẹ̀ tí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ: MÁ GBÉ ẸJA SÍBÍ. Obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló kọ ọ́, òun kan náà ló sì ń gbé ẹja síbẹ̀. Ọwọ́ Irin ni wọ́n ń pe obìnrin yìí. Àgbàlagbà ni, kò ga, ṣùgbọ́n ajá tó bá ti dì mú, ìmí nìkan ni yóò lè mí.

Ọkùnrin kan mú ajá wá síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ajá tó tóbi débi pé imú rẹ̀ ti dé ìdí tábìlì, ìrù rẹ̀ ṣì ń ná ọjà níta. Bí ọmọ káfíńtà ṣe yọ abẹ́rẹ́ báyìí, ajá dúró ṣinṣin, ọkùnrin náà ló ṣubú gbì. Ọwọ́ Irin gbé e sórí tábìlì.

"Ẹ yọ̀ǹda rẹ̀ fún mi, Dókítà," ló wí. "N ó bá a gé èékánná kó tó jí."

Nítorí níta, Dókítà ni gbogbo ayé ń pè é. Onígẹ̀run ń pè é bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń tún fóònù ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó ń dùn mọ́ ọn létí, kò sì dé ibi tó ń gbẹ nínú rẹ̀.

Oògùn kan wà tó ń lò tí wọn kò fi kọ́ ọ nílé ìwé. Kó tó fọwọ́ kan ẹranko kankan, yóò bi ẹni tó mú un wá pé, "Kí lẹ fún un jẹ?" Gbogbo wọn ló ń purọ́. Kì í bá wọn jiyàn. Yóò kẹ̀yìn sí wọn, yóò ṣí ẹ̀rọ omi, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́: àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka, ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, ọṣẹ ń hó. Èèyàn kì í lè fara da ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn. Kó tó fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, òótọ́ á ti jáde. Ọ̀dọ́kùnrin kan búra pé omi lásán ni ajá òun mu. Nígbà tí ọṣẹ dé ọrùn ọwọ́, ajá náà gùnfẹ̀ ọtí bíà, ọ̀dọ́kùnrin bú sẹ́kún. Ọwọ́ Irin ń pe èyí ní ìwẹ̀ ìjẹ́wọ́, ó sì ní bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ omi yẹn lọ sí kóòtù, lọ́yà á wábi gbà.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀rín. Àwọn kan wà tó ń mú ajá tí kò ṣàìsàn wá, ajá tí ara rẹ̀ ń dán, nítorí wọ́n ń kó lọ sílé tuntun, ìdọ̀tí rẹ̀ kò sì ní bá kápẹ́ẹ̀tì mu. "Ẹ bá wa mú un sùn, Dókítà." Sùn! Bí ẹni pé yóò jí. Èyí tó bá lè rí ilé fún, ó ń wá ilé fún un. Èyí tí kò bá rí, ó ń ṣe é, tí àwọn tó ni ín á ti jókòó sínú ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì á ti máa ṣiṣẹ́. Òun àti Ọwọ́ Irin ni ajá ń wò kẹ́yìn, àwọn tí kò mọ̀ rí. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, bó bá délé, kì í lè jẹun.

Ìyá rẹ̀ kò fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí. Ó ti dàgbà, ojú rẹ̀ kò gbé òwú mọ́, ó ń dá gbé nínú yàrá méjèèjì náà. Lọ́jọ́ òjò kan, ológbò kékeré kan gba fèrèsé wọlé, ó jókòó lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, kò sì lọ mọ́. Ìyá sọ ọ́ ní Ayaba. Ọmọ tí ìyá kò fi ohùn rere bá sọ̀rọ̀ rí á máa gbọ́ bó ṣe ń bá ológbò sọ̀rọ̀ nínú yàrá, ohùn pẹ̀lẹ́ bí òróró: "Ayaba, o ti jí? Ayaba, ẹsẹ̀ ń ro mí lónìí o, wá sùn lé e." Orí ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń sùn lóòótọ́. Láti ọdún tí káfíńtà ti kú ni ẹsẹ̀ yẹn ti ń tutù.

Ọmọ rẹ̀ ló lọ gún ológbò náà ní abẹ́rẹ́ àjẹsára.

"Má fi abẹ́rẹ́ màlúù gún un o," ni ìyá wí.

"Ti ológbò ni, Màámi."

"Báwo lo ṣe mọ̀? N ó bi Dókítà wò."

Bẹ́ẹ̀ ló sì ń ṣe. Bí Ayaba bá sín, ẹ̀gbọ́n ló ń pè lórí fóònù. Bí Ayaba kò bá jẹ ẹja, ẹ̀gbọ́n ló ń pè. Ẹ̀gbọ́n náà wà ní ilé ìwòsàn ńlá kan lódìkejì ìlú, níbi tí aláìsàn ti ń tò láti ẹnu géètì. Bí ìyá rẹ̀ bá pè, yóò sọ ohun tó bá kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu, yóò sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò ní in lọ́kàn láti ṣe ibi. Ká sòótọ́, kò ní ohunkóhun lọ́kàn.

Wàyí o, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ṣí, ìyá rẹ̀ ló wọlé. Ọmọ káfíńtà kọ́kọ́ rò pé ẹlòmíràn ni. Àpótí onígi kan wà láyà rẹ̀, àpótí tó ní ihò yí ká, ìdè ilẹ̀kùn ló di ìdérí rẹ̀ mú. Ayaba wà nínú rẹ̀, aṣọ ni wọ́n fi wé e.

"Kò lè dìde," ni ìyá wí. "Láti àná ni ara rẹ̀ ti ń gbóná. Ṣe nǹkan kan sí i."

Inú ọmọ rẹ̀ dùn. Ohun ìtìjú ni, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn: ológbò ń kú lọ, inú rẹ̀ dùn, nítorí ìyá rẹ̀ wà nínú yàrá yìí, ó sì ń bẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ Irin gbé Ayaba sórí tábìlì. Ojú ológbò náà ti wú, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó ń mí gùlegùle. Ọmọ káfíńtà ṣí ẹ̀rọ omi, ó mú ọṣẹ, ó bi í bó ṣe ń bi gbogbo ayé:

"Kí lẹ fún un jẹ, Màámi?"

Ọṣẹ kò tíì kan omi tí ìdáhùn fi dé. Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀.

"Ohun tí Dókítà ní kí n fún un ni mo fún un."

"Dókítà wo?"

Ìyá rẹ̀ wò ó bí ẹni tó béèrè ohun tí ọmọdé mọ̀. "Dókítà mélòó ni mo bí?"

Ọwọ́ Irin sọ orí kọ́. Omi ń dà lọ. Ọmọ káfíńtà tì í pa.

"Kí ló ní kí ẹ fún un?"

"Parasítámọ̀. Èyí tí èmi náà ń lò fún orúnkún. Ó ní kí n bù ú sí méjì. Nígbà tí kò sì tètè sàn, mo fún un ní ìdajì kejì láàárọ̀ yìí. Mo lọ̀ ọ́ mọ́ mílíìkì, mo fi síbí bù ú sí i lẹ́nu. Ó lá a tán. Ọmọ tó gbọ́ràn ni."

Ọmọ káfíńtà fi àtàǹpàkò gbé ètè Ayaba sókè. Erìgì tó yẹ kó pupa bí inú ìbẹ́pẹ ti di àwọ̀ tíì tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Kò ní láti wo ìwé. Oògùn tí ọmọ ọwọ́ ń lò tí kò ní ṣe é ní nǹkan kan, májèlé ni fún ológbò. Ara ológbò kò ní ohun tí yóò fi palẹ̀ rẹ̀ mọ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò sì di ẹrẹ̀, kò ní lè gbé èémí mọ́. Ìdajì kan ṣoṣo ì bá ti tó láti pa á.

"Màámi, ẹ lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta."

"Ṣé wàá lè ṣe é? Àbí kí n pe Dókítà?"

"Èmi ni n ó pè é."

Ó gún Ayaba ní ẹ̀rọ̀ májèlé náà, ìgò kan ṣoṣo tó kù nínú fíríìjì, ó fi ìbòjú atẹ́gùn bo imú rẹ̀, ó wá lọ sí kọ̀rọ̀ lẹ́yìn àpò oúnjẹ ajá, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ní kí Màámi fún ológbò ní parasítámọ̀?"

"Kí ló dé? Ìdajì péré ni. Ọmọ ọwọ́ ń lò ó."

"Ológbò kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Ó ń pa wọ́n. Ẹ̀rọ̀ tí mo ní níbí ò tó, Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀rọ̀ yẹn sì wà lọ́dọ̀ yín, òun kan náà lẹ fi ń tọ́jú èèyàn tó bá gbé e mì jù. Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ kíákíá. Ẹ fún ọlọ́kadà kan kó gbé e wá."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Kí n lọ bá àwọn tó ń pín oògùn, níwájú gbogbo èrò yìí, kí n ní ológbò màmá mi ló ń bẹ mí lọ́wẹ̀? Wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí n ó fi fẹ̀yìn tì."

Ọmọ káfíńtà dákẹ́ bó ṣe ń dákẹ́ nídìí ẹ̀rọ omi. Ẹ̀rín lódìkejì rọ díẹ̀díẹ̀, ó sì tán.

"Ṣé ó máa kú ni?"

"Ẹ fi oògùn ránṣẹ́."

"Jọ̀ọ́, àbúrò mi. Má jẹ́ kí Màámi mọ̀ pé èmi ni. O mọ ojú tí wọ́n fi ń wò mí."

"Mo mọ̀ ọ́n," ni àbúrò rẹ̀ wí. "Ẹ fi oògùn ránṣẹ́."

Kò fi ránṣẹ́. Bóyá iṣẹ́ ló pọ̀. Bóyá ó dé ẹnu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń pín oògùn, ojú tì í, ó yà gba ibòmíràn lọ. Oòrùn ṣì wà lókè gan-an nígbà tí Ayaba na ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí kò sì ká a padà. Ọwọ́ Irin, tí kì í sunkún, yíjú sí fíríìjì, ó ń ka ìwé tó fúnra rẹ̀ kọ síbẹ̀.

"Ẹ lọ sọ fún wọn," ló wí láìyíjú. "Gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ sọ. Ọmọ yín ọ̀wọ́n ló pa á, èyí tí ẹ kò kà sí ló fẹ́ gbà á sílẹ̀. Ẹ sọ ọ́, Dókítà!"

"Ọwọ́ wọn ló bù ú sí i lẹ́nu," ni ọmọ káfíńtà dáhùn. "Pẹ̀lú síbí. Ṣé kí n sọ ìyẹn náà?"



Ìyá rẹ̀ ti dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wo títì láti ojú fèrèsé, ojú rẹ̀ kò tíì bàjẹ́ débi tí kò fi ní rí tábìlì. Ó wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé Ayaba, ó tẹ́ ẹ sínú àpótí, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ. Lẹ́yìn náà ló béèrè.

"Kí ló pa á?"

Ọmọ káfíńtà kẹ̀yìn sí i, ó ṣí ẹ̀rọ omi, ó ń fọwọ́. Àtẹ́lẹwọ́. Ẹ̀yìn ọwọ́. Àárín ìka. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ohun tó máa ń fa òótọ́ jáde lẹ́nu gbogbo ayé, irọ́ ló fà jáde lẹ́nu tirẹ̀. Kò sì mọ irọ́ pa. Ti àwọn ẹlòmíràn ló fi gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ gbọ́. Kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

"Ọjọ́ orí ni, Màámi."

"Ọjọ́ orí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀."

Ìyá rẹ̀ wò ó títí. "Ológbò tí kò tíì bímọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo," ló wí. "Ológbò tó ń fò dé orí àjà. Ọjọ́ orí." Ó gbé àpótí káfíńtà mọ́ àyà. "Èmi ni mo fà á. Mo mọ̀ pé o ò ní lè ṣe é, mo ṣì gbé e wá. Ọ̀dọ̀ Dókítà ló yẹ kí n gbé e lọ tààrà."

Ó jáde. Ọ̀dọ̀ onígẹ̀run ló ti kọ́kọ́ dúró, kó lè fọn imú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo òpópónà ti gbọ́.

"Wọ́n ní ọjọ́ orí ló pa ọmọdé ológbò!" ni onígẹ̀run ń sọ fún orí tó wà lábẹ́ abẹ rẹ̀. "Ẹ rọra o, ọ̀gá. Irun yín yìí náà, ó lè jẹ́ ọjọ́ orí." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Onígẹ̀run kò ní ibi lọ́kàn, ṣùgbọ́n obìnrin kan tó gbé ayékòótọ́ rẹ̀ dání gbọ́ ọ láti orí bẹ́ǹṣì, ó dìde, ó gbé ẹyẹ rẹ̀ lọ. Ẹyẹ náà sì ti mọ̀ ọ́n sọ. "Ọjọ́ orí! Ọjọ́ orí!" ló ń kígbe lọ títí ó fi kọ kọ́nà. Àwọn oníbàárà kan tẹ̀ lé e lọ lọ́jọ́ kejì, àwọn kan lọ́sẹ̀ kejì.

Ọmọ káfíńtà tún pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Mi ò sọ fún wọn," ló wí. "Mi ò sì ní sọ ọ́. Ohun kan ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín. Bí Màámi bá tún rí ológbò, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ fún wọn pé wọn ò gbọdọ̀ fún un ní oògùn yẹn láé. Bí mo bá sọ ọ́, wọn ò ní gbọ́. Ẹ wá bí ẹ ó ṣe sọ ọ́."

"N ó sọ ọ́," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "O ṣeun, àbúrò mi. Èèyàn dáadáa ni ẹ́." Ó sì fẹ́ sọ nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń pe Dókítà lẹ́yìn rẹ̀.

Ká má purọ́ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kejì: ó ṣe ohun tó ṣèlérí. Nígbà tí òjò rọlẹ̀, òun fúnra rẹ̀ lọ wá ọmọ ológbò kan, dúdú tó ní ìbọ̀sẹ̀ funfun, ó so rìbọ́nnì mọ́ ọn lọ́rùn, ó gbé e fún ìyá wọn. Ọmọ káfíńtà lọ wò ó ní ọjọ́ ìsinmi. Wọ́n ti tẹ́ aṣọ tuntun sínú àpótí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó sì fi ojúgun gbá a bó ṣe ń wọlé, gẹ́gẹ́ bí àtijọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò lókè ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ó jókòó, ó gbé ọmọ ológbò náà lé itan, ó fi àtàǹpàkò gbé ètè rẹ̀ sókè. Erìgì rẹ̀ pupa, ó mọ́ tónítóní. Ológbò náà bù ú lọ́wọ́ jẹ.

"Fi í sílẹ̀ jẹ́jẹ́," ni ìyá rẹ̀ wí. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà. Ó tilẹ̀ ti bu tíì fún un. Ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fún èèyàn ní ẹ̀bùn. "Wá, jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún ọ tí yóò ràn ọ́ lọ́wọ́ nídìí iṣẹ́ rẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti ṣèwádìí. Látìgbà tí Ayaba ti kú ló ti ń wo ìwé, nítorí tèmi. Ó ní èèyàn ò gbọdọ̀ fún ológbò ní parasítámọ̀ láé, bó ti wù kó kéré mọ. Ó ní ara wọn ò gbà á. Ó ní oògùn náà kọ́ ló pa Ayaba o, àwọn tó mọ̀wé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ ọ́n báyìí." Ó wo ojú ọmọ rẹ̀. "Ìwọ, ṣé o mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

Ọmọ ológbò náà ti sùn lórí ẹsẹ̀ ìyá. Kò sí ẹ̀rọ omi nínú yàrá náà.

"Rárá, Màámi," ni ọmọ káfíńtà wí. "Mi ò mọ̀."

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀," ni ìyá rẹ̀ wí pẹ̀lú àánú, ó sì na ọwọ́ gbá a léjìká. "Má banú jẹ́. Bí nǹkan kan bá tún rú ọ lójú níbi iṣẹ́, máa bi Dókítà."